Ọ̀dà Funfun Lára Yàrá Yéjídé

Ẹ̀rín ló jí Nurat ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníṣẹ́ ìjọba gbé ọ̀dà wá sí Topo. Ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ ni, láti inú yàrá Yéjídé, ìyàwó kékeré. Kò pariwo. Irú ẹ̀rín tí ọkùnrin máa ń rín nígbà tí wọ́n bá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síwájú rẹ̀, tí ẹni tó gbé e wá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Nurat jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Mùkáílà ti rín irú rẹ̀ kẹ́yìn nínú yàrá tòun.

Ọdún mẹ́rin náà ni ọjọ́ orí yàrá Yéjídé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, owó epo ń ṣàn nílùú, ọ̀nà ńlá tó ti Èkó wá sí Badagry ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àwọn oníṣòwò ẹja sì ń gbé ọkọ̀ wá dúró de apẹja létí omi. Mùkáílà ra ẹ́ńjìnnì Yàmáhà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹja tó ń pa di ìlọ́po mẹ́ta. Kí ọdún tó yípo, ó ti fẹ́ Yéjídé láti Iworo, ó sì kọ́ yàrá oníbúlọ́ọ̀kù fún un ní apá ibi tí òkun wà, ó fi páànù bò ó. Nurat tó bá a fi àjẹ̀ wakọ̀ nígbà tí kò sí ẹ́ńjìnnì wà nínú ilé alámọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, lórí òkìtì iyanrìn tó kọjú sí ọ̀sà.

"Ilé àgbà ni tìẹ," ni Mùkáílà sọ fún un.

Bí òjò bá sì ti ń rọ̀, ilé àgbà a máa jò sí àgbà lórí.

Ìgbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù náà, Nurat ti fi orúkọ ọmọ wọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Èkó pè é, ó ní, "Bàbá Ishaq, ibẹ̀ yẹn kò dára fún ilé." Mùkáílà kò béèrè ìdí. Ó wo bíríkìlà, bíríkìlà wò ó, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. "Owú ti bẹ̀rẹ̀," ni Mùkáílà wí. Bí ènìyàn bá sọ òótọ́ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, a máa tì í lójú bí ẹni pé irọ́ ló pa. Láti ọjọ́ náà, Nurat kò dárúkọ ibẹ̀ mọ́.

Oníṣẹ́ ìjọba náà ń jẹ́ Démọ́lá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ awò ojú, Dosu ọlọ́kọ̀ ló gbé e wá láti Badagry. Agolo ọ̀dà méjì, okùn ìwọ̀n kan àti ìwé ńlá kan ló kó dání. Ó pe gbogbo abúlé jọ sábẹ́ igi àgbọn.

"Lọ́dún tó kọjá," ó ní, "òkun ya wọ àwọn abúlé kan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó mọ̀, omi ti kó ilé lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ mọ ibi tí omi lè dé kí omi fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ilé tí omi lè gbé, ọ̀dà pupa. Ilé tí apá omi kò ká, ọ̀dà funfun. Ẹni tó bá gba pupa, ìjọba á fún un ní púlọ́ọ̀tì ní Ibereko, kó lè kó kúrò níbí kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé."

Ariwo sọ. Ibereko! Ibereko wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá. Iná mànàmáná wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, ènìyàn lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó máa wo mọ́tò tó ń lọ sí Kútọnu.

Bàbá arúgbó kan na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ilé mi nìkan kọ́ o. Ẹ kun èmi náà ní pupa."

"Bàbá, omi wo ló tún fẹ́ gbé yín?" ni Dosu dá a lóhùn. "Ẹmu ti gbé yín lọ tipẹ́."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Démọ́lá béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí omi dé ní àwọn ọdún tó ti kọjá. Wọ́n fi hàn án. Topo kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún tí omi bá ya wọlé, bó bá ti ń fà padà, ìyá tó dàgbà jù nínú agboolé á mú ọ̀bẹ, á lọ síbi igi àgbọn tó sún mọ́ ilé, á fa ojú ọ̀bẹ kan gbọọrọ síbi tí omi ga dé lára igi náà. Lẹ́yìn náà, á ki àfọ́kù ìkarahun ìsáwùrú bọ ojú ọ̀bẹ náà. Orí nìkan ni igi àgbọn fi ń dàgbà. Ibi tí àmì bá wà lónìí, ibẹ̀ náà ló máa wà títí igi á fi wó. Ìyá tó fa àmì ló ń sọ ìtàn rẹ̀ fún obìnrin tó bá máa gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń dá sí i.

"Mo lọ sí yunifásítì," ni Démọ́lá wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, "wọn kò kọ́ mi ní èyí."

Ọwọ́ ọ̀sán ni ó dé agboolé Mùkáílà. Mùkáílà fi ọwọ́ han Nurat. "Ìyá Ishaq ló ń tọ́jú àmì. Òun ni ìyá mi fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́."

Fún ìgbà díẹ̀, ara Nurat yá. Òun ló ṣíwájú, oníṣẹ́ ìjọba ń tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn. Igi àgbọn ti apá ọ̀sà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àmì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ìkarahun inú wọn ń dán, gbogbo wọn ló sì rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ilé Nurat lọ. Démọ́lá fi okùn wọ̀n ọ́n. "Funfun," ó ní. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì fà á sára ògiri amọ̀. Ọ̀dà náà kò tilẹ̀ mú dáadáa, amọ̀ ń mu ún.

Ní apá òkun, Yéjídé ti gbé àga síta. Ó ti ró ìró tuntun, ó ti bẹ́ àgbọn tútù fún àlejò. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jókòó, ẹ mu omi àgbọn." Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Sùlàímọ́nù àti Safiyat, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo awò ojú Démọ́lá bí ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ.

Bí Démọ́lá ṣe ń mu omi àgbọn, Nurat gbọ́ tí Yéjídé ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bó bá jẹ́ pupa, ṣé ẹ ó máa bá wa gbé Ibereko?"

"Kí ló máa dí mi lọ́wọ́? Mo lè so ọkọ̀ mi mọ́ etí omi Badagry. Láti ibẹ̀ ni mà á ti máa lọ sójú òkun."

"Ìyáálé mi ńkọ́?"

Mùkáílà yọ iyanrìn kúrò nínú bàtà rẹ̀. "Ilé tirẹ̀, funfun ni," ó ní.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì le. Ṣùgbọ́n ohun kan gbóná lábẹ́ ọmú Nurat bí ẹni da omi ẹja híhó sí i láyà. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ náà, Nurat mọ ibi tí ẹran àyà rẹ̀ ń lọ.

"Ìyá," ni Démọ́lá pè é. Ó ti wà nídìí igi àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà. "Ojú ọ̀bẹ mẹ́jọ ni mo rí lára èyí. Èwo ni ti omi nínú wọn?"

Igi náà ti rí ìyà. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ti kú ni àwọn tó ń ká àgbọn ti ń fi àdá gbẹ́ ibi ìfẹsẹ̀lé sí i lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèwọ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí igi àmì. Èyí tó ṣe ìkẹrin láti ilẹ̀, tó ga dé àyà ènìyàn, òun ni ti Ìyá Àgbà. Èérí àti ewé tútù ti bo ìkarahun rẹ̀. Nígbà tí Nurat wọlé bí ìyàwó, Ìyá Àgbà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ìka rẹ̀ sínú àmì náà. "Ọdún tí òkun àti ọ̀sà pàdé, ibí lomi dé. Ọkọ rẹ kéré nígbà náà, ó wà ní ilé kéwú ní Badagry. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń sùn lórí ẹní níbí. Ojú mi báyìí ló ṣe tí n kò rí i mọ́." Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Mùkáílà mọ̀ pé omi gbé àbúrò òun, kò mọ ibi tó ti gbé e.

Nurat fi ẹ̀yìn ti igi náà. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ìkarahun náà ṣe ń gún un ní ẹ̀yìn láti abẹ́ èérí.

"Kò sí ti omi níbẹ̀," ó ní. "Àwọn tó ń gun àgbọn ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ibi ìfẹsẹ̀lé ni."

"Ó dá yín lójú?"

"Ta ni yóò mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ọ̀gá? Èmi ni ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi."

Démọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo, ó sì fa ọ̀dà funfun sára búlọ́ọ̀kù Yéjídé. Níbẹ̀, ọ̀dà náà mú dáadáa. Ojú Yéjídé rẹ̀wẹ̀sì. Nurat rí i, ara sì tù ú dé eegun.

"Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìwé máa kúrò lọ́wọ́ mi lọ sí Èkó," ni Démọ́lá wí fún wọn bó ṣe ń wọ ọkọ̀ Dosu. "Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó tètè sọ ọ́."

Ọjọ́ méjì ni Nurat fi jẹ ayọ̀ rẹ̀. Ó kọrin nídìí ààrò. Ó tilẹ̀ fi ẹja ńlá méjì ránṣẹ́ sí Yéjídé. Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn yóò gba ọ̀dà náà gbọ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀dà ni ọ̀dà. Ẹni tó ń gbé etí òkun mọ ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Mùkáílà kó àwọ̀n rẹ̀ àti ẹja yíyan kúrò nínú àká tó wà lórí òkìtì, ó kó wọn lọ sínú yàrá Yéjídé. "Ìjọba ti wọ̀n ọ́n," ó ní. "Kí ni mo tún ń bẹ̀rù?"

Ní Ọjọ́rú, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo ọdún mẹ́rin tí Yéjídé ti wà nílé náà, bí òkun bá ti ké báyìí, á gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, á sì fi ìbínú rìn wá sí ilé Nurat títí omi á fi dákẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ síra wọn. Ẹní nìkan ni Nurat máa ń tẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ́ ẹní kí ó tó rántí. Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Ìgbì dún, ó tún dún. Ó dìde, ó lọ bá wọn.

"Ìyàwó, ẹ kò wá?"

Yéjídé ń fọ ìpẹ́ ẹja kúrò lára ìkòkò. "Ìyáálé mi, ẹ má ṣe dá ara yín lágara mọ́. Wọ́n ti kùn ún ní funfun." Ó wo ojú ọ̀run. "Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ gbé ẹní yín wá. Ilé yín ń jò. Ààyè wà."

Ó sọ ọ́ láìsí ẹ̀gàn kankan. Lẹ́yìn rẹ̀, Safiyat ti sùn sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó ki àtàǹpàkò bọ ẹnu. Nurat wo igi àgbọn lóde, ó wo ọmọ náà nílẹ̀, ojú rẹ̀ sì wọ̀n ọ́n láìsí okùn. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ìkòkò bó ṣe ń yára jáde.

Ìdí ẹ́ńjìnnì ló ti bá Mùkáílà. "Bàbá Ishaq, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá yẹn. Àmì omi wà lára igi náà. Mo purọ́ fún ọkùnrin yẹn."

Mùkáílà kò gbójú sókè. "Ó tún dé."

"Kí ló dé?"

"Owú! Ìgbà tí a ń kọ́ ọ, ibẹ̀ kò dára. Ìjọba wá, ìjọba ní ó dára. Ó tún di pé ibẹ̀ kò dára. Ìyá Ishaq, ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn síta kí inú rẹ tó dùn ni?"

"Bí mo bá ń jowú, ṣé mà á fẹ́ kó lọ sí Ibereko?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Mùkáílà wò ó, kò yé e. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọlọ́run fi àánú hàn. Omi dákẹ́ láìré ẹnu ọ̀nà kọjá. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Nurat wà létí ọ̀sà kí Dosu tó tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.

"Nọvi, ta lo fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?" ni Dosu béèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ń pe gbogbo ẹni tó bá kà sí ìyekan rẹ̀. "Aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ lo wọ̀ yìí, ọjọ́ kò sì tíì pé."

"Ara mi."

"Háà! Ẹjọ́ yẹn le. Owó ọkọ̀ rẹ̀ gan-an á wọ́n."

Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, Démọ́lá ń to ìwé sínú fáìlì. Nurat kò jókòó. Ó sọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀: àmì, Ìyá Àgbà, ọmọ tí omi gbé.

Ojú Démọ́lá pọ́n. "Ìyá, mo bi yín pé ṣé ó dá yín lójú!"

"Ẹ bi mí."

"Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí wá ló fà á?"

Nurat ti múra láti sọ pé òun gbàgbé ni. Ó ti tún un sọ nínú ọkọ̀, ó sì dùn létí. "Owú ni," ó ní. "Wọ́n ní ẹni tó bá gba pupa máa lọ sí Ibereko. Ọkọ mi fẹ́ bá a lọ."

Démọ́lá gbé bírò sókè, ó wo ìwé náà lójú ewé kan dé òmíràn. Àyè wà fún òjò níbẹ̀, àyè wà fún ìgbì, àyè wà fún irú iyanrìn. Ó gbé bírò náà kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó ní.

Wọ́n bá ọkọ̀ Dosu padà. Nídìí igi náà, Démọ́lá yọ ọ̀bẹ kékeré, ó ha èérí kúrò lára ojú ọ̀bẹ kẹrin. Ìkarahun náà yọ, ó funfun bí eyín. Ó na okùn rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sára ògiri Yéjídé. Omi ọdún náà ì bá ti bo fèrèsé.

Mùkáílà gbé ọwọ́ lé àmì náà. "Ibí ni?" ó béèrè.

"Ibẹ̀ ni Ìyá sọ."

Ó jókòó sílẹ̀ nídìí igi náà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Yéjídé ló súnmọ́ Nurat, ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn fi kan ara. "Ní ìrọ̀lẹ́ àná tí mo ní kí ẹ gbé ẹní yín wá. Ẹ mọ̀ nígbà náà?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ti fi ẹja ńlá méjì ránṣẹ́ sí mi. Ẹ wo ọmọ mi lórí ẹní."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

Yéjídé gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Nurat kò yẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ náà dúró lókè, ó sì tún wálẹ̀. Lẹ́yìn wọn, Démọ́lá ti ń fa ọ̀dà pupa sórí funfun.

Ìwé púlọ́ọ̀tì jáde lẹ́yìn oṣù méjì. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó lọ, Mùkáílà tú páànù kúrò lórí yàrá náà, ó kó o sínú ọkọ̀. Ó wá bá Nurat nídìí ààrò. Láti ọjọ́ ọ̀dà pupa, ọ̀rọ̀ tó ń bá a sọ kò ju èyí tí ènìyàn lè kà lórí ìka lọ.

"Mà á máa wá," ó ní. "Ọjọ́ Àlàmísì àti ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹja ni ẹ máa máa wá kó, àbí èmi?"

Ó yí ojú sí ọkọ̀ rẹ̀. "Méjèèjì," ó wí. Nurat kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, kò sì bi í mọ́.

Yéjídé náà wá, ó gbé ẹrù lórí. "Ìyáálé mi, mo ti ń rò ó láti àná. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni tàbí kí n ṣépè fún yín."

"Má dúpẹ́. Omi ni mo bẹ̀rù. N kò tíì fẹ́ràn rẹ."

"Èmi náà kò tíì fẹ́ràn yín."

"Kò burú. Jẹ́ kí Safiyat wọ ẹ̀wù, afẹ́fẹ́ wà lójú ọ̀sà."

Ẹ́ńjìnnì Yàmáhà dún. Nurat rìn dé etí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti búra fún ara rẹ̀ pé òun kò ní débẹ̀. Mùkáílà jókòó ní ìdí ọkọ̀, Yéjídé jókòó síwájú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Mùkáílà bẹ̀rẹ̀, ó sọ nǹkan kan sí i létí. Lójú omi, láti òkèèrè, Nurat tún gbọ́ ẹ̀rín náà. Àyà rẹ̀ jó bó ṣe máa ń jó, kò dín rárá. Ó dúró, ó ń ka orí tó wà nínú ọkọ̀: orí ọkọ rẹ̀, orí Yéjídé, orí Sùlàímọ́nù, orí Safiyat. Ó tún wọn kà. Nígbà tí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ó yí padà lọ sídìí ààrò, nítorí ẹja tó wà lórí iná ti ń dúdú lápá kan.